Abẹ́rẹ́ Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́: Kí La Ó Wá Fi Jẹ Ẹran?

   

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé wa ti oṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígbá ọjà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Mi ò wí ẹnu tí a fi ń bú ara wa o, ẹnu tí a fi ń jẹun ni mò ń wí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹnu méjèèjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nǹkan kan ti dé. Abẹ́rẹ́ ni. Wọ́n ń gún un sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ojú tó gbòòrò lè di tẹ́ẹ́rẹ́, kí àgbọ̀n lè rí ṣóńṣó. Ní ilẹ̀ Kòríà, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gún un, torí pé ojú tó bá rí ṣóńṣó nísàlẹ̀ ni wọ́n kà sí ojú arẹwà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa sì ń wo fíìmù Kòríà lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́. Ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́, ọkàn á fẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ náà ti dé Èkó, àwọn dókítà tó ń tún ara ṣe ń gún un níbẹ̀. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tí kì í ṣe dókítà náà ti ń gún un, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onírun, bí ẹni ń lu etí ọmọ tuntun.

Ó ti kan ọmọ ọ̀kan nínú wa. Ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, pé kí n má ṣáà dárúkọ. Ìyá yìí yá owó nínú àjọ wa, ó ní òun fẹ́ fi kún ọjà. Owó náà tó àpò ìrẹsì méjì. Kò dé ọ̀dọ̀ ọjà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ló bá lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdána ọmọ náà tó kò ni wọ́n gún un. Ẹni tó gún un wọ aṣọ funfun o, àmọ́ kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Irun ló mọ̀ ọ́n ṣe. Inú fíríìjì tí wọ́n ń kó mínírà sí ló ti mú oògùn náà jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, kò sí nǹkan kan. Ọmọ ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di bí ọ̀sẹ̀ kan, ó ní ẹnu ń rẹ òun. Orín tó fi ń fọ ẹnu láàárọ̀, kò lè rún orí rẹ̀ kó rọ̀ mọ́. Ọjọ́ ìdána wá pé. Wọ́n bu ìrẹsì àti ẹran màlúù síwájú ìyàwó. Ó jẹ ẹran náà díẹ̀, ó dúró, ó fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn ará ilé ọkọ rò pé ojú ló ń ti ìyàwó. Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ọmọ òun kò lè jẹ ẹran náà. Bó sì ti ń gbìyànjú, nǹkan kan ń yọ kókó lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, bí ìgbà tí èèyàn fi obì sẹ́nu. Nínú fọ́tò ọjọ́ náà, ẹ̀rín rẹ̀ fì sí apá kan. Fọ́tò yẹn ló wà lára ògiri lónìí.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ohun tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń béèrè. Mo bá ìyá àti ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, mo ní kí dókítà eyín tó wò ó ṣàlàyé fún mi díẹ̀díẹ̀, kí n lè ṣàlàyé fún ẹ̀yin náà. Lẹ́yìn ìyẹn, mo tún ní kí àwọn ọmọ mi bá mi wá a kà. Ohun tó yé mi ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ẹ fi ìka yín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, lápá ìsàlẹ̀, níwájú etí díẹ̀. Ẹ wá di eyín pọ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra gan-an. Ṣé ẹ rí i pé nǹkan kan le koko lábẹ́ ìka yín? Iṣan ìjẹun nìyẹn. Láti egungun abẹ́ ojú ló ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí igun egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ó wà lára àwọn iṣan tó lágbára jù lọ lára èèyàn. Òun la fi ń fọ́ ẹ̀pà, òun la fi ń fa ẹran ya, òun la fi ń rún àgbàdo sísun.

Bí iṣan yìí bá ń ṣiṣẹ́ jù, ó lè tóbi, bí apá alábàárù ṣe ń tóbi. Ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù láti àárọ̀ dalẹ́, tirẹ̀ lè tóbi. Ẹni tó ń wa eyín mọ́ra lójú oorun, tirẹ̀ lè tóbi. Ti ẹlòmíràn sì rèé, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, bí ti bàbá rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ tí mò ń wí yìí kì í yọ ọ̀rá. Kì í gé egungun. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ọ̀nà tí ara fi ń ránṣẹ́ sí iṣan náà. Iṣan kò gbọ́ iṣẹ́ mọ́, kò sì lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ mọ́. Alábàárù tó bá fi oṣù méjì jókòó sílé láìgbé ẹrù, ẹ mọ̀ pé apá rẹ̀ á joro. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń joro. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: jíjoro yẹn gan-an ni ẹwà tí wọ́n ń tà fún wa. Kì í ṣe owó nìkan la fi ń rà á. Agbára ìjẹun wa la fi ń ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á kò bá sọ èyí fún yín kó tó gba owó, ó ti rẹ́ yín jẹ.

Ó sì yẹ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tí ojú rẹ̀ gbòòrò nítorí egungun, tàbí nítorí ọ̀rá, abẹ́rẹ́ yìí kò ní sọ ojú rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́. Ó máa náwó, ó máa pàdánù agbára ìjẹun, ojú rẹ̀ á sì tún wà bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí oògùn náà ti wá, torí ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ àgòlò. Oró kan ni, tí kòkòrò àìfojúrí máa ń pọ̀ sínú oúnjẹ tí wọ́n dé pa láìsè é dáadáa. Àgòlò tó wú, tí a máa ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má tà, oró náà lè wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1895, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ellezelles nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn olórin tí wọ́n wá síbi ìsìnkú jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tó ti ní oró náà nínú. Ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀, wọn ò lè gbé oúnjẹ mì, èèyàn mẹ́ta kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Émile van Ermengem, ló yẹ ẹran náà wò, tó sì rí kòkòrò tó ń pọ oró yìí.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ rí i pé bí a bá lo ìwọ̀n tó kéré gan-an, a lè fi dá iṣan kan ṣoṣo dúró láìpa èèyàn lára. Dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, Alan Scott, ló kọ́kọ́ fi tọ́jú àwọn tí ojú wọn méjèèjì kì í wo ibì kan náà. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìtọ́jú ojú ní ọdún 1989. Ní ọdún 1994, àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ wọn pé àwọn ti fi dín iṣan ìjẹun tó tóbi jù kù. Ní ọdún 2002 ni Amẹ́ríkà wá fọwọ́ sí i fún ìlà tó ń wà láàárín ojú méjèèjì, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri. Nítorí náà, mi ò sọ pé kò sí oògùn tòótọ́ níbẹ̀. Àwọn dókítà tún ń lò ó fún àwọn tó ń wa eyín mọ́ra títí tí àgbọ̀n fi ń dùn wọ́n. Ìwọ̀n ló sọ oró di oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kóńgò wọn gààrí, ẹ mọ̀ pé ẹni tí kò mọ òṣùwọ̀n kò gbọdọ̀ wọn nǹkan fún ẹnikẹ́ni.

Wàyí o, báwo ni jíjẹun ṣe ń rí lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un? Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í béèrè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gún un, èèyàn lè jẹun. Kí ó ṣáà má fi ọwọ́ pa ibẹ̀, kí ó má sì dùbúlẹ̀ fún bí wákàtí mẹ́rin, kí oògùn má bàa ṣàn lọ sí ibi tí kò yẹ. Kí ó yẹra fún egungun àti ohun líle mìíràn ní ọjọ́ bíi mélòó kan àkọ́kọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì, agbára á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Oúnjẹ tó rọ̀ kò ní nira. Ṣùgbọ́n ẹran tó yi, pọ̀nmọ́, ṣàkì, ìgbín, àgbàdo sísun, kúlíkúlí, gbogbo ìwọ̀nyẹn á máa mú kí ẹnu tètè rẹ̀ ẹ́. Á jẹ díẹ̀, á sinmi, á tún jẹ díẹ̀. Ẹ sì wò ó o, ní gbogbo àkókò yìí, ojú kò tíì tẹ́ẹ́rẹ́. Agbára ló kọ́kọ́ ń lọ, ẹwà ń bọ̀ lẹ́yìn. Èyí ni ọmọ wa kò mọ̀, tó fi gún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ọjọ́ ìdána. Àìlèjẹun ló bá ọjọ́ náà pàdé, ẹwà ò tíì dé.

Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà wálẹ̀. Nígbà tó bá tó bí oṣù kẹta, ibẹ̀ ló máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ dé. Agbára ìjẹun á ti máa padà díẹ̀díẹ̀. Tó bá di bí oṣù kẹrin sí ìkẹfà, iṣan á jí padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà á sì tún máa padà sí bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ó dúró bẹ́ẹ̀ á tún lọ san owó mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èsúsú, ẹ mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, èsúsú á kan ẹni tó ń dá a. Èyí ni èsúsú tí kì í kan èèyàn láéláé.

Kí ló dé tí ebi kò fi pa wọ́n kú? Iṣan ìjẹun kò mọ sí ẹyọ kan. Ọ̀kan wà ní ẹ̀bátí, òmíràn wà nínú lọ́hùn-ún. Bí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá sinmi, àwọn yòókù á gba iṣẹ́ náà ṣe, bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ń ṣàìsàn tí àbúrò ń bá a jókòó ti ìsọ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò náà lè rẹ̀. Ẹlòmíràn á máa sọ pé ẹ̀bátí ń ro òun bí òun bá jẹ ohun tó yi.

Kókó tó ń yọ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ wa ńkọ́? Dókítà ní oògùn kò dé gbogbo inú iṣan. Apá tí oògùn kò dé ló ń dá ṣiṣẹ́, tó wá ń yọ jáde nígbà tó bá ń jẹun. Ẹ̀rín tó fì sí apá kan, ó ní oògùn ti kan iṣan kékeré tí a fi ń rẹ́rìn-ín, tó wà nítòsí ibẹ̀. Ọwọ́ tó mọ ibi tí iṣan gbà kò ní sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó mọ irun nìkan ńkọ́?

Ẹ̀yin ìyá, tó bá ti ṣẹlẹ̀ ná, tí ọmọ ti gún un, ẹ má kàn máa bú u. Ẹ bọ́ ọ. Oúnjẹ wa dára fún irú àkókò yẹn: ẹ̀kọ, ògì, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà tó jinná kúnná, ẹyin, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, ẹ̀fọ́ tí a gé wẹ́wẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ se ẹran, ẹ sè é títí á fi rọ̀, kí ẹ sì gé e kéékèèké. Kí ó jẹ ẹ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ó má kánjú. Bí kò bá lè rún orín, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹnu, kí ó má fi eyín sílẹ̀ láìfọ̀.

Nǹkan kan wà tó ń tan wá jẹ ṣá o. Òkèlè ni púpọ̀ nínú oúnjẹ wa. Iyán, ẹ̀bà, àmàlà, fùfú, a kì í rún wọn lẹ́nu, a kàn ń gbé wọn mì ni. Torí náà, ọmọ lè jókòó ti àmàlà kó jẹ ẹ́ tán, kí ìyá rò pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Inú ọbẹ̀ ni ewu wà. Bí kò bá lè rún ẹran, tí ojú sì ń tì í láti yọ ọ́ sílẹ̀, ó lè gbé e mì lódidi pẹ̀lú òkèlè, kó há a lọ́fun. Ẹ sọ fún un pé yíyọ ẹran sílẹ̀ kì í ṣe ìtìjú.

Mo fẹ́ kí ẹ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Àìlè rún oúnjẹ yàtọ̀ sí àìlè gbé e mì. Kí ẹnu máa tètè rẹ èèyàn, ìyẹn ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà, á lọ bó bá yá. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń há a lọ́fun, bí ohùn rẹ̀ bá ń lọ́, bí ìpéǹpéjú bá ń wálẹ̀, bó bá ń rí ohun kan ní méjì-méjì, tàbí tí èémí kò bá já gaara, oró náà ti jáde kúrò níbi tí wọ́n gún un sí. Ó lè jẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ má lọ fi àgbo sí i, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló gún. Ẹni tó bá fi ìtìjú pamọ́, ó lè fi ẹ̀mí dí i.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ o. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn aláṣẹ ìlera Amẹ́ríkà kéde pé èèyàn 22 ní ìpínlẹ̀ 11 ni irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣe ní jàǹbá, èyí tó jẹ́ ayédèrú tàbí tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje ọdún 2025, èèyàn 38 ni oró náà mú lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ẹwà. Àwọn míì nínú wọn kò lè gbé oúnjẹ mì dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílùú òyìnbó, ẹ bá wọn sọ ọ́ lórí fóònù. Bí ìlú tí iná kì í lọ bá lè rí irú èyí, àwa tí iná ń ṣe bó ṣe wù ú fún ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja inú yìnyín, ẹ̀yin lẹ lè ṣàlàyé ìyẹn jù mí lọ. Inú òtútù ni wọ́n ń tọ́jú oògùn yìí sí. Bí iná bá lọ, tó dé, tó tún lọ, agbára rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹni tó gún un kò ní rí i lójú, torí oògùn kì í rùn bí ẹja. Nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́, á ní kí ọmọ wá gba òmíràn, á tún fi kún ìwọ̀n rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n dé ìdí rẹ̀ rárá: aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tó ní àìsàn tó ń mú kí iṣan rọ. Ẹni tó bá ń gba abẹ́rẹ́ gentamicin, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ dáadáa, kí ó sọ fún dókítà, torí ó lè mú kí oró náà lágbára sí i. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a ti dàgbà, ẹ má rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ti ń béèrè iye tí wọ́n ń gún un. Awọ ojú wa ti dẹ̀. Bí iṣan tó gbé e dúró bá joro, awọ á tún wálẹ̀ sí i ni. Owó tí ẹ fi fẹ́ ra èwe lè ra ogbó fún yín.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. A kò lè sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé kó má tún ojú rẹ̀ ṣe. Àwa náà lu etí, àwa náà kun làálì, àwọn ìyá wa kọ ilà. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta la fẹnu kò sí.

Ìkíní, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ gún abẹ́rẹ́ ẹwà kankan nínú ọjà wa, ì báà jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, ì báà jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan ti wá béèrè ìsọ̀ lọ́wọ́ wa fún un, ó fẹ́ san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Owó náà dùn létí. A dá a padà. Ẹni tó bá gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ìsọ̀ ara rẹ̀, ẹgbẹ́ á pè é.

Ìkejì, owó àjọ tí a bá yá fún ọjà, kó dé ọ̀dọ̀ ọjà. Láti ìsinsìnyí, ẹni tó bá yá owó á mú ìwé ọjà tó rà wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń san gbèsè náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A bù ú kéré fún un. A kò fagi lé e.

Ìkẹta, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá taku pé òun á gún un, kí ó bá a lọ fúnra rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Kí ó béèrè ìwé àṣẹ dókítà, èyí tí ìgbìmọ̀ àwọn dókítà Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní MDCN, ń fún wọn. Kí ó wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí oògùn, kí wọ́n sì ṣí i lójú rẹ̀. Kí ó bi dókítà léèrè pé: báwo ni ọmọ mi á ṣe máa jẹun? Fún ìgbà wo? Bí nǹkan bá yíwọ́, nọ́ńbà ta ni màá pè lóru? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, kí ẹ fa ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ máa lọ.

Ó ku ìbéèrè kan tí èmi náà bi ọmọ yìí. Mo ní, kí ló mú ọ lọ gún un? Ojú rẹ kò burú, ọkọ tó fẹ́ ọ rí ojú náà kó tó wá. Ó dákẹ́. Ó wá ní láti kékeré ni, bí òun bá ti ń gbé oúnjẹ bọ̀ fún ìyá òun lọ́jà, “Ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ Bọ́ọ̀lù” ni wọ́n ń pe òun láti ẹnu géètì títí dé ìlà àwọn aláta. Ó wò mí lójú, ó ní, “Mà, ẹ̀yin náà ń pè mí bẹ́ẹ̀.”

Òótọ́ ni. Mo pè é bẹ́ẹ̀. Eré la pè é. Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ níwájú dókítà.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa la jẹ́ àgbà ọjà yìí. Àwa la wà níbẹ̀, tí orí ọmọ wọ́, àwa náà la sì fi ẹnu wa wọ́ ọ. Ká tó bínú sí ẹni tó gún abẹ́rẹ́, ká kọ́kọ́ gba tiwa. Láti òní lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ tí ìyá àti bàbá sọ ọmọ pè é. Ọmọ tó sanra, ọmọ tó rù, ọmọ tó dúdú, ọmọ tó fẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ ká kí i kú iṣẹ́, ká gba igbá lórí rẹ̀.

Ọmọ náà ti gbádùn. Ó lé ní oṣù mẹ́rin kó tó lè jẹ pọ̀nmọ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì ti tọ́ padà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá kí ìyá rẹ̀ lọ́jà, ó jókòó lórí àga mi, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Mo pè é lórúkọ rẹ̀.

 

Èmi ni akọ̀wé yín.